Òkúta Ìdí Òpó Kẹta

Ajé, 3 oṣù kẹfà

Ilé ẹ̀kọ́ ló rán mi wá kọ́ṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún afárá ṣe. Wọ́n fún mi ní okùn kan, ìwé méjì àti akoto aláwọ̀ ofeefee kan tó ń bọ́ sí mi lójú. Irin wúwo wà lẹ́nu okùn náà, wọ́n sì so àmì mọ́ ọn lára, ìdámẹ́wàá mítà sí ìdámẹ́wàá mítà. Àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni màá máa jù ú sódò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹta. Ìwé àkọ́kọ́ wà fún ohun tó bá wọlé sí ibi iṣẹ́, èkejì wà fún ohun tí wọ́n bá dá padà. Ẹnjiníà ní mi ò gbọdọ̀ pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ nínú méjèèjì. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń wò mí bí ẹni tó ti rí ibi tí mo ti ń pa á rẹ́.

Òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ló fi ṣáájú mi. Ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti lọ, ọjọ́ Ajé nìkan ló sì ń wá. Ọjọ́ yòókù, orí fóònù ló wà.

Bàbá tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́ fi igi ya òpó náà sórí iyanrìn fún mi. Láti ìlà funfun tí wọ́n kùn sí i lára, ìsàlẹ̀ odò wà ní mítà 7.0 báyìí. Omi ọdún tó kọjá ló gbẹ́ ẹ tó bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ òpó parí sí mítà mẹ́sàn-án. Bàbá ní, "Tó bá gbẹ́ ẹ dé mẹ́sàn-án, kò sí ohun tí òpó yìí tẹ̀ mọ́ nìyẹn." Òkúta la máa kó dí ihò náà títí yóò fi di 5.0, kí odò tó kún lóṣù kẹjọ. Bàbá Jẹ́jẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é, torí kò sí ohun tí wọ́n sọ fún un tí kì í fi "jẹ́jẹ́" dáhùn.

Yàrá mi wà lẹ́yìn ilé búrẹ́dì. Ògiri tí mo gbé ibùsùn tì ti ń gbóná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá Oníbúrẹ́dì tó ni ilé bi mí ní ìbéèrè mẹ́rin nípa àwọn òbí mi kó tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Mo dáhùn méjì.

Ọjọ́rú, 5

Akọ̀wé ni wọ́n ń pè mí. Tí mo bá dé, wọ́n á dákẹ́. Tí mo bá kọjá, ọ̀rọ̀ á tún bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ọ̀kan nínú wọn sín, ó ní, "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀ o, ẹ̀ẹ̀mejì ni." Ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

7.0.

Àìkú, 9

Ènìyàn mẹ́ta péré ni mo bá sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, méjì nínú wọn wá ra búrẹ́dì. Búrẹ́dì ńlá ti gbówó lórí. Ìyá Oníbúrẹ́dì ní ìyẹ̀fun ló wọ́n. Mo wo ara àpò ìyẹ̀fun tó wà nílẹ̀: oṣù kẹrin ni wọ́n dì í.

Èyí tó pọ̀ jù nínú búrẹ́dì rẹ̀ ló ń gba orí afárá lọ sí òdìkejì láràárọ̀, nítorí ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ wà. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Afárá tó kàn wà ní ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀.

Ìṣẹ́gun, 11

Okùn ń sọ̀rọ̀. Tí irin bá bà lé iyanrìn, ọwọ́ mi ò ní mọ nǹkan kan, okùn á kàn dẹ̀. Tó bá kan òkúta, á gbọ̀n wá sókè dé àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò sí ẹni tó kọ́ mi. Mo rò pé Bàbá Jẹ́jẹ́ rí i pé mo ti mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ó gbé ojú kúrò.

Ẹtì, 14

Bàbá Jẹ́jẹ́ lọ sin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni yóò dé. Kí ó tó lọ, ó ní Ẹnjiníà ti sọ pé òun fúnra òun ló máa bójú tó ìpele àkọ́kọ́. Mi ò bi í pé ìpele wo.

Láàárọ̀ yìí, típà mẹ́fà tò dé ẹnu ọ̀nà. Awakọ̀ tó ṣáájú ni wọ́n ń pè ní Asúfèé. Láti ìyànà la ti ń gbọ́ súfèé rẹ̀. Mo gun táyà ọkọ̀ rẹ̀, mo wo inú. Òkúta wẹ́wẹ́. Òmíràn kò tó ẹyin adìyẹ. Àwòrán tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ọ́fíìsì sì fi òkúta tí ènìyàn mẹ́rin kò lè gbé hàn. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọ́kọ́ pé típà mẹ́fà wọlé, nítorí òfin ni. Lẹ́yìn náà ni mo pe Ẹnjiníà.

Ó ní, "Òkúta wẹ́wẹ́? Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀." Ó ní bí wọ́n ṣe fi òkúta kékeré rọ́pò ńlá fún òun níbi iṣẹ́ tí òun ti ń bọ̀ nìyẹn, òun ò ní jẹ́ kí wọ́n tún fi òun ṣe é. "Dá gbogbo ẹ̀ padà. O ṣeun, ojú ẹ mú."

Ìyìn àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ láti ìgbà tí mo dé. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kejì: típà mẹ́fà padà, aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì, Ẹnjiníà ló ní ká dá wọn padà.

Asúfèé dá súfèé dúró. Ó ní òun kọ́ ló ń yan òkúta, ohun tí wọ́n bá kọ sínú ìwé ni òun ń gbé. Ilẹ̀ ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ kì í wo ilẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 18

Bàbá Jẹ́jẹ́ dé. Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ó fi ìka tọ ìlà kọ̀ọ̀kan títí ó fi dé ibi típà mẹ́fà. Ó mi orí bí ẹni tó gbà. Ó bi mí bóyá Ẹnjiníà wá lánàá, mo ní ó wá. Lóòótọ́ ló wá, kò ju wákàtí kan lọ. Bàbá ní ó dáa, ká bẹ̀rẹ̀ sí kó òkúta ńlá síbẹ̀.

Mo fẹ́ sọ fún un bí mo ṣe mú àwọn oníjìbìtì lọ́jọ́ Ẹtì. Àwọn òṣìṣẹ́ mọ́kànlá ló dúró tì wá. Ẹnu mi ò ṣí.

Ọjọ́bọ̀, 20

Òkúta ńlá bẹ̀rẹ̀. Tí kireenì bá jù ú sílẹ̀, omi á fò kan ìsàlẹ̀ afárá, àwọn tó ń kọjá lókè á bú wa.

6.6.

Ajé, 24

6.1. Òjò.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù keje

5.0 géérégé. Mo ju okùn sílẹ̀ nígbà márùn-ún yí òpó ká, ìgbà márùn-ún ló gbọ̀n wá sí mi lọ́wọ́. Típà ogójì. Bàbá Jẹ́jẹ́ ra búrẹ́dì fún gbogbo wa. Mo jókòó sí ẹ̀yìn. Ẹnì kan na abọ́ sí mi láìwo ojú mi, mo gbà á. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ.

Ẹtì, 12

5.3. Mo rò pé ọwọ́ mi ni. Mo tún un jù. 5.3.

Ìṣẹ́gun, 16

5.8, okùn ò sì gbọ̀n. Iyanrìn ni irin bà lé. Ibi tí mo ti gbọ́ òkúta lọ́jọ́ kẹfà, iyanrìn ló wà níbẹ̀ báyìí.

Òkúta kì í rìn. Òkúta tí ènìyàn mẹ́rin ò lè gbé kò lè bá odò tó ń lọ wọ́ọ́rọ́ báyìí lọ. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ń gbé e.

Bàbá Jẹ́jẹ́ wo ìwọ̀n náà, ó fi ọwọ́ ra ojú. Ó ní jẹ́jẹ́, ká fi típà mẹ́wàá kún un.

Ọjọ́rú, 17

Mo ra ọ̀dà pupa. Kí wọ́n tó dé láàárọ̀, mo fi àmì sí ara ogún òkúta. Ìyá Oníbúrẹ́dì rí ọwọ́ mi, ó ní kí ni mo pa. Mo ní mò ń kun àga. Ó ní àga wo, àga kan ṣoṣo tó wà ní yàrá mi, tòun ni.

Láti òní lọ, èmi gan-an ni màá máa ka típà, mi ò ní gba iye tí wọ́n bá pè lẹ́nu ọ̀nà gbọ́. Mo jókòó sẹ́yìn àwọn báàgì sìmẹ́ńtì tó ti le. Mò ń kọ ẹnikẹ́ni tó bá dúró àti ibi tó dúró sí sílẹ̀.

Àbámẹ́ta, 20

Ogún òkúta pupa ti wọ omi, mo kà wọ́n. 5.5 láàárọ̀. 5.7 nírọ̀lẹ́.

Ta ló ń jèrè rẹ̀? Asúfèé ni. Bí òkúta bá ń pòórá, iṣẹ́ típà ò ní tán.

Àìkú, 21

Mo lọ sí ọ̀nà ilé Asúfèé. Òkúta ńlá wà lẹ́yìn ilé rẹ̀, wọ́n tò ó dé àyà mi. Mò ń yí i po, mò ń wá ọ̀dà pupa, nígbà tó yọ sí mi pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Ó ní, "Akọ̀wé, ṣé wọ́n ní kí o wá ka tilé náà ni?"

Mo ní mò ń kọjá ni. Ọ̀nà náà parí sí ẹnu ilé rẹ̀.

Ó wo ọ̀nà, ó wo èmi, ó tu ìfófòó dànù. Ó ní ògiri àtijọ́ ló wó, ìyàwó òun sì fẹ́ fi òkúta rẹ̀ kọ́ ilé ìdáná. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹun, irọ́ ni.

Kò sí ọ̀dà lára ìkankan. Ó lè ti fọ̀ ọ́.

Ajé, 22

Ẹnjiníà wá. Mo dúró títí kò fi sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, mo sọ fún un: òkúta ń pòórá, òkúta sì wà nílé Asúfèé. Mo ní mi ò rí àmì mi lára wọn. Mo rò pé mo sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ohùn mi ti lọ sílẹ̀ nígbà tí mo dé ibẹ̀. Ẹnjiníà ní òun ti mọ̀ látìgbà òkúta wẹ́wẹ́ yẹn. Kí ó tó wọ ọkọ̀, ó ti ní kí Asúfèé má wá mọ́.

Asúfèé kò pariwo. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó wá ibi tí mo wà títí ó fi rí mi, ó wò mí. Kò wo ilẹ̀.

Ẹtì, 26

Awakọ̀ mìíràn ti dé, ọjọ́ mẹ́rin rèé. 6.4.

Ìṣẹ́gun, 30

Òjò láti àná, kò dá. Omi ti pọ́n. 7.3. Ó ti jìn ju bí a ṣe bá a lọ, a sì ti kó típà méjìlélọ́gọ́ta síbẹ̀.

Kì í ṣe Asúfèé nìkan, nígbà náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí wo Bàbá Jẹ́jẹ́. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ báyìí, kí ló ń fi pa mọ́? Mo kọ ohun tó ṣe láti aago méje dé aago mẹ́rin sílẹ̀. Ó wo odò. Ó jẹ búrẹ́dì. Ó tún wo odò. Lẹ́ẹ̀kan, ó wò mí níbi tí mo jókòó sí lẹ́yìn báàgì, ó ní kí n rọra, báàgì yẹn lè wó lù mí.

Ọjọ́bọ̀, 1 oṣù kẹjọ

Odò fà díẹ̀ lánàá, Bàbá ní kí òmùwẹ̀ wọ odò kó tó tún kún. Òmùwẹ̀ wa kò ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n so okùn mọ́ ọn níbàdí, ó wọ omi, ó pẹ́. Ìgbà kẹta tó yọ, ó di etí pẹpẹ tí a so mọ́ òpó mú, ó ń mí. Ó ní iyanrìn ni gbogbo ibẹ̀. Ó ní òun ki ọwọ́ bọ iyanrìn náà dé èjìká, òun sì fọwọ́ kan òkúta. Ó na ọwọ́ sókè. Ọ̀dà pupa wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

Òkúta mi ni. Wọn ò lọ síbì kankan. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n lọ.

Bàbá Jẹ́jẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa òmùwẹ̀ sórí pẹpẹ. Nígbà tó sọ̀rọ̀, kò bá ẹnì kan wí, ó kàn béèrè ni. Ó ní òkúta wẹ́wẹ́ tó yẹ kó wà lábẹ́, ta ló tẹ́ ẹ? Àwọn òṣìṣẹ́ wo ara wọn. Ó ní omi máa ń gba àárín òkúta ńlá kọjá, á máa fa iyanrìn abẹ́ wọn jáde díẹ̀díẹ̀, òkúta á sì máa rì sínú àyè tí iyanrìn fi sílẹ̀. Òkúta wẹ́wẹ́ la máa ń kọ́kọ́ tẹ́, kó lè di iyanrìn náà mú. Ó ní òun rí típà mẹ́fà nínú ìwé. Ó ní òun rò pé Ẹnjiníà ti tẹ́ ẹ.

Inú ìwé àkọ́kọ́ ló rí i. Ìwé kejì wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e mọ́ àyà bí ẹni tí òtútù ń mú.

Mi ò sọ ọ́. Mo ti padà sí yàrá báyìí, mo sì ń kọ ọ́ síbí pé mi ò sọ ọ́. 7.5.

Ẹtì, 2

Mo dé ibi iṣẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó dé, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì títí Bàbá Jẹ́jẹ́ fi dé. Mo ṣí ìwé méjèèjì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ó fi ìka tọ ti àkọ́kọ́. Ó fi ìka tọ ti èkejì. Ó pẹ́ lórí "aago mẹ́wàá ku ìṣẹ́jú méjì".

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo dé, ìwọ lo dúró tì mí."

Mo ní, "Mo fẹ́ sọ ọ́, Bàbá."

"Kí ló dè ọ́ lẹ́nu?"

Mo ní àwọn ènìyàn pọ̀ níbẹ̀. Mo ní ojú ń tì mí.

Ó pa ìwé méjèèjì dé. Ó ní, "Òpó yẹn ò mọ̀ pé ojú ń tì ọ́, ọmọ mi."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọ̀dà, ẹ̀yìn báàgì, ilé Asúfèé, ohun tí mo sọ fún Ẹnjiníà. Mo sọ fún un pé mo ti ń ṣọ́ òun náà. Ó ní òun mọ̀, òun rò pé ilé ẹ̀kọ́ ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀.

Àbámẹ́ta, 3

Ẹnjiníà wá, kì í sì í ṣe ọjọ́ Ajé. 7.8. Ó bi mí níwájú gbogbo wọn pé ta ló ní kí n dá òkúta wẹ́wẹ́ padà.

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà. Èmi ni mo sọ fún yín pé jìbìtì ni."

Ó ní òun ò rántí. Mo fi ìwé kejì hàn án, aago, ọ̀rọ̀, gbogbo rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló lọ sínú ọkọ̀ rẹ̀, ó mú àwọn àwòrán tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ wá, wọ́n ṣì wà nínú ọ̀rá. Èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ojú ewé kìíní ni. Ojú ewé kejì ló fi òkúta wẹ́wẹ́ hàn, ìdajì mítà ní nínípọn. Ó wò ó, ojú rẹ̀ wá dà bí ojú mi.

Wọ́n ti afárá láago mẹ́ta. Ó ní èmi ni kí n dúró síbẹ̀ kí n máa dá àwọn ènìyàn padà. Wọ́n bú mi títí wọ́n fi dé orí ẹ̀yà ara tí mi ò mọ̀ pé mo ní. Ìyá Oníbúrẹ́dì dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì. Ó ní afárá tí kẹ̀kẹ́ búrẹ́dì lè wó, ṣé ó yẹ kí wọ́n máa pè é ní afárá? Mo ní kò sí ẹni tó lè kọjá, mà. Ó ní ṣé torí owó búrẹ́dì ni mo ṣe ń gbẹ̀san. Mi ò mọ̀ pé ó rí mi lọ́jọ́ tí mo wo àpò ìyẹ̀fun.

Àìkú, 4

Ẹnjiníà pe Asúfèé ní fóònù, kò gbé e. Ibi tó ti ń kó òkúta wẹ́wẹ́ wà ní ẹ̀gbẹ́ odò tiwa, òun nìkan ni wọ́n ń kó o fún láìdúró ọ̀sẹ̀ kan. A ò ní ọ̀sẹ̀ kan. 8.0 láàárọ̀ yìí.

Mo tún gba ọ̀nà tó parí sí ẹnu ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní kí n jókòó, mo dúró. Asúfèé jáde.

Ó ní, "Ó kù ẹyọ mélòó tí o ò tíì kà?"

Mo kúnlẹ̀. Ó ní kí n dìde, ilẹ̀ tutù. Mo sọ pé èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn, èmi ni mo sì dá òkúta rẹ̀ padà, pé òkúta náà la nílò láti ìbẹ̀rẹ̀, pé mítà kan ló kù lábẹ́ òpó. Mo sọ ọ́ láìdúró, torí mo mọ̀ pé tí mo bá dúró, ó parí.

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. Ó ní ọjọ́ kẹrìnlá tí wọ́n ti ń jẹun láìsí ẹni tó sọ̀rọ̀ nílé yìí nìyí.

Asúfèé ní, "Mi ò ṣe é fún ìwọ o. Ìyá mi wà ní ilé ìwòsàn lódìkejì." Ó lọ wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ rẹ̀.

Ajé, 5

Típà mẹ́fà kí oòrùn tó ga. Mo kọ ọ́ sínú ìwé àkọ́kọ́. Bàbá Jẹ́jẹ́ ní kí n ka ohun tí mo kọ sókè fún gbogbo wọn. Mo kà á. Ẹni tó sín níjọ́sí ní, "A ò gbọ́ o." Mo tún un kà.

A ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ́ òkúta wẹ́wẹ́, agbọ̀n kireenì kan tẹ̀lé òmíràn, lórí àwọn tó ti rì. Mò ń ju okùn lẹ́yìn agbọ̀n kọ̀ọ̀kan.

8.1 kí a tó bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 6

Òjò. Gbogbo ọjọ́ lórí omi. Ọwọ́ mi ti bó. 7.6, òkúta wẹ́wẹ́ nìkan ló wà lókè.

Ọjọ́rú, 7

Òkúta ńlá tẹ̀lé e. Ẹnjiníà bọ́ bàtà, ó bá wa fa okùn, kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Aago márùn-ún, 6.5. Bàbá ní kí gbogbo ènìyàn kúrò lórí omi, odò ń bọ̀. Mi ò rí i pé ó ń bọ̀. Kò pé wákàtí kan, omi ti bo ibi tí a so ọkọ̀ ojú omi mọ́.

Ọjọ́bọ̀, 8

Odò dé. Kò sí ẹni tó lè wọ ọkọ̀, orí afárá ni mo ti ju okùn, Bàbá di bẹ́líìtì mi mú lẹ́yìn. Igi odidi kan pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ kọjá lábẹ́ wa. Omi gbé irin lọ nígbà méjì kó tó dé ìsàlẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbọ̀n. 6.6.

Ẹtì, 9

6.6. Mi ò gbà á gbọ́. Mo ní kí òmùwẹ̀ ju tirẹ̀. 6.6.

Àbámẹ́ta, 10

6.6. Ìyá Oníbúrẹ́dì pín búrẹ́dì tó ń gbẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Èmi nìkan ni kò fún. Lẹ́yìn náà, mo bá ìdajì kan lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá mi, ó fi bébà wé e.

Ọjọ́bọ̀, 15

6.6. Omi ti ń fà. Ẹnjiníà ní bóyá irin há sáàárín òkúta kan ni ìwọ̀n ṣe dúró sójú kan. Inú mi dùn pé òun náà ń ṣiyèméjì. A wọ̀n ọ́n ní ibi mẹ́sàn-án yí òpó ká. Ó dúró.

Ìṣẹ́gun, 20

Wọ́n ti dúró ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì afárá láti àárọ̀, kẹ̀kẹ́, mọ́tò, àwọn olùkọ́, ìyá kan tó gbé ọmọ tó ń wúkọ́ dání. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún. Ẹnjiníà wò wọ́n, ó wo ìwé mi, ó wá bi mí níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ pé kí ni mo rí sí i.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí típà tó kún fún òkúta kọjá, òun nìkan, wọ́ọ́rọ́. Mo ní èmi á wà ní ìsàlẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kẹta.

Bàbá Jẹ́jẹ́ ní kò sí ẹni tó ní kí n dúró síbẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wọ ọkọ̀, mo dé orí pẹpẹ. Mo gbọ́ tí ọkọ̀ tún fì lẹ́yìn mi. Bàbá ni, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún. Ó dúró tì mí.

Asúfèé ló wa típà náà. A gbọ́ ọ nígbà tó gun orí afárá, a gbọ́ ọ lórí òpó kìíní, lórí èkejì. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé òpó. Nígbà tó dé orí wa, òpó gbọ̀n díẹ̀, bí ara ẹran tí eṣinṣin bà lé, ó sì dákẹ́. Eruku bọ́ sí wa lórí. Típà kọjá.

Bàbá bi mí bóyá ó ti tó.

Mo ní kò tíì tó. Mo ní kí Asúfèé fi ẹ̀yìn padà wá, kí ó dúró lórí wa fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá pariwo ọ̀rọ̀ náà sókè fún mi. Asúfèé yọ orí láti ojú fèrèsé, ó bi wá bóyá Akọ̀wé fẹ́ kí òun sùn síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ó fi ẹ̀yìn padà, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì dúró.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mi ò gbé ọwọ́ kúrò lára òpó. Ìlà funfun ò kúrò níbi tó wà. Omi ń lọ.

Mo wo Bàbá kó lè bá mi pè wọ́n. Ó ń wo odò.

Mo gbé orí sókè, mo ní kí wọ́n ṣí afárá. Wọn ò gbọ́, odò ń pariwo. Mo tún un sọ.